Sùtánà Tó Lẹ́jẹ̀ Lórúnkún

Ìyá mi ló kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀ náà. Ọ̀sán Sátidé ni, mo ti etí òkun dé sí ilé wa ní Ẹ̀gbẹ́dá, mo bọ́ sùtánà funfun mi, mo jù ú sínú ọpọ́n ìfọṣọ, mo sì lọ wẹ̀. Nígbà tí mo fi máa jáde, ìyá mi ti fà á yọ, ó ti tẹ́ ẹ sórí itan rẹ̀, ó ń wo ọ̀gangan orúnkún. Ẹ̀jẹ̀ ti mú aṣọ níbẹ̀, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ó gbójú sókè wò mí, omi sì ti dé sí ojú rẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "báyìí lo ṣe ń kúnlẹ̀ nítorí mi?"

Ó yẹ kí n sọ òótọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo kàn dúró síbẹ̀ pẹ̀lú táwẹ̀lì lọ́rùn, mo ní, "Kò dùn mí púpọ̀, Màámi." Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe irọ́ o. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìdáhùn sí ohun tó bi mí.

Aṣọ àdúrà ni ìyá mi ń rán. Ìjọ aláṣọ funfun ni wá, a kì í wọ bàtà tí a bá ti wọ sùtánà, òun ló sì rán ọ̀pọ̀ nínú èyí tí àwọn ará ìjọ wa ń wọ̀, látorí ti ọmọ ọwọ́ títí dé ti àwọn àgbà tí aṣọ wọn ń gbálẹ̀. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ló ń lò. Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni làkúrègbé mú un lórúnkún méjèèjì, débi pé bí ó bá ti fẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ náà díẹ̀, àfi kó sinmi kó tó lè rán ìyókù. Ó lọ sí ọsibítù, wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní kó má kúnlẹ̀, kó má gun àtẹ̀gùn. Ó lo oògùn náà, orúnkún ṣì ń wú. Kì í ṣe ìrora ló ń bà á lẹ́rù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ọjọ́ tí kò ní lè ránṣọ mọ́, nítorí láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, iṣẹ́ yẹn ló fi ń mọ̀ pé òun ṣì wúlò fún èèyàn.

Wòlíì ìjọ wa ní kó máa lọ gbàdúrà létí òkun láràárọ̀ Sátidé. Ta ló máa gbé e láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Bá Bíìṣì pẹ̀lú irú orúnkún yẹn? Wòlíì wá ní kí ọmọ rẹ̀ máa lọ dípò rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tó sì wà nílé ni èmi. Mo ti lé lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, akọ̀wé ni mí ní ilé iṣẹ́ kan n'Ìkẹjà, mi ò tíì gbéyàwó, àwọn ìyá ìjọ sì ti ń fi ìyẹn ṣe mí yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi kò le rárá. Kí n kúnlẹ̀ létí omi, kí n tan àbẹ́là, kí n dárúkọ ìyá mi, kí n sì bu omi òkun sínú kẹ́ẹ̀gì wálé kó lè máa fi wẹ orúnkún.

Mo ṣe é dáadáa níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kì í ṣe onísùúrù èèyàn, ìyá mi gan-an mọ̀. Bí mo bá tan àbẹ́là, afẹ́fẹ́ á pa á. Màá tún tàn án, á tún pa á. Níbi tí mo ti ń bá ìṣáná jà láàárọ̀ ọjọ́ kan ni mo ti gbójú sókè tí mo rí òyìnbó kan.

Ọkùnrin tó ti ń hewú ni, ṣòkòtò péńpé nìkan ló wà nídìí rẹ̀, ó sì mú pákó pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́ tó rí roboto bí ọmọrí ìkòkò ńlá. Bí ìgbì bá ti wá tó ń padà lọ, tí omi ṣẹ́ kù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí iyanrìn, á sáré, á ju pákó yẹn síwájú, á fò lé e lórí, pákó á sì máa yọ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí ẹ́ńjìnnì, kò sí ẹni tó ń tì í. Mo dìde, mo gbàgbé àbẹ́là. Ó rí i pé mò ń wo òun, ó sì fọwọ́ pè mí. Ó ní sikíìmùbọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é, ó nà án sí mi. Mo wẹ̀yìn wò bóyá ará ìjọ wa kankan wà nítòsí. Nígbà tí mi ò rí ẹnì kankan, mo ká sùtánà mi sókè, mo so ó mọ́ ìbàdí, mo sáré.

Mo ṣubú. Pákó sá lọ níwájú, èmi forúnkún lélẹ̀ lórí iyanrìn tútù tó le gbagidi, tó kún fún ìkarahun fífọ́. Òyìnbó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo tún un ṣe, mo tún ṣubú, mo sì ń ṣubú bẹ́ẹ̀ títí mo fi yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ju gígùn yàrá kan lọ. Inú mi dùn débi pé mo kígbe. Mi ò rántí ìgbà tí inú mi ti dùn báyẹn láti ìgbà tí mo ti dàgbà. Lẹ́yìn náà ni ojú mi bá kẹ́ẹ̀gì tó ṣófo, àti àbẹ́là ìyá mi tó dùbúlẹ̀ sínú iyanrìn, ojú sì tì mí.

Ìtìjú náà kò dí mi lọ́wọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, mo ti lọ bá gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Dópẹ̀mú pé kó gé puláìwúùdù fún mi, kó fá etí rẹ̀ kó dán, kí imú rẹ̀ sì gbé sókè díẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, bọ̀dá?" ó bi mí.

"Ti ṣọ́ọ̀ṣì ni."

"Ẹ ẹ̀ bá ti tètè sọ bẹ́ẹ̀ jàre," ó ní. Ó dá pákó tó kọ́kọ́ mú padà, ó lọ fa èyí tó dáa jù yọ lẹ́yìn ilé, ó fi sáńpépà ha á títí ó fi ń dán, ó sì ń kọrin ẹ̀mí sí i. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń wò ó. Mi ò kàn lè fẹnu ara mi sọ fún un pé àgbàlagbà bíi tèmi fẹ́ lọ máa yọ̀ lórí omi.

Aṣọ funfun ni mo fi wé e ní Sátidé. Pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn mi àti ẹsẹ̀ lásán, mo gbé e wọ mọ́lúè ní Ìyànà Ìpájà. Kọ̀ndọ́ ní, "Ẹ ṣún fún bàbá aládùúrà, ohun ilé Ọlọ́run ló gbé dání." Obìnrin kan dìde lórí ìjókòó rẹ̀ kí pákó mi lè ríbi jókòó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì súre fún un. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀dọ̀ ìyá alágbọn kan létí òkun ni mo ń fi pákó náà sí, torí mi ò lè fojú rí irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Puláìwúùdù máa ń fa omi. Òyìnbó yẹn ló ní kí n máa fi nǹkan tó ń yọ̀ pa ìdí rẹ̀, kó lè sáré. Kí ni mo ní lọ́wọ́ ju àbẹ́là lọ? Àbẹ́là tí ìyá mi máa ń gbé mọ́ àyà, tó máa ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí kó tó fi lé mi lọ́wọ́, òun ni mo ń fi pa ìdí pákó. Mo máa ń sọ fún Ọlọ́run pé kó ní sùúrù fún mi, pé màá gbàdúrà tí mo bá ṣe tán. Tí mo bá sì ṣe tán, ó ti rẹ̀ mí, oòrùn ti mú. Màá bu omi sí kẹ́ẹ̀gì ní ìdúró, màá ní, "Olúwa, ẹ wo ìyá mi sàn," mo ti ń lọ sídìí ọkọ̀ nìyẹn.

Bí ẹ̀jẹ̀ orúnkún mi tó bó níbi tí mo ti ń ṣubú ṣe dé ara sùtánà nìyẹn, nígbà tí mo tú u sílẹ̀. Ìyá mi kò sì fi ọ̀rọ̀ náà mọ sílé. Ó sọ fún wòlíì, wòlíì sì dìde lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kò dárúkọ, ṣùgbọ́n èmi ló ń wò, ó ní kí àwọn ọ̀dọ́ wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan tó wà láàárín wa. Nígbà tí a jáde, obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ wá bá mi pé kí n gbọ́wọ́ lé e lórí. Mo gbọ́wọ́ lé e. Gbogbo ara mi ń gbọ̀n, obìnrin yẹn sì rò pé ẹ̀mí ló bà lé mi.

Mo gbìyànjú láti sọ fún ìyá mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó jókòó lórí àpótí, ó ń fi òrí pa orúnkún mi, tirẹ̀ sì wú ju tèmi lọ.

"Màámi, eré ni mò ń ṣe létí òkun."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá rẹ náà gan-an nìyí. Tó bá ṣe oore tán, á ní òun kọ́. Na ẹsẹ̀ kejì wá."

Mo na ẹsẹ̀ kejì.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo tún padà lọ. Kò sí ẹni tó fipá mú mi. Egbò mi kò tíì jiná, iyọ̀ òkun ń ta á, mo ṣì ń sáré, mo ṣì ń fò. Mo ti wá mọ̀ ọ́n ṣe díẹ̀, mo lè tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí pákó yí padà. Tí mo bá wà lórí rẹ̀, mi ò ní rántí ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n kì í yọ̀ jìnnà, ibi tó bá sì ti dúró ni ọ̀rọ̀ ìyá mi ti ń padà sọ́kàn mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kan, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé bọ́sítọ́ọ̀pù kí n tó rántí pé mo gbàgbé kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì. Mo padà sílé. Mo bá ìyá mi nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó di irin ẹ̀rọ náà mú. Mo rò pé ó ṣubú ni, mo sáré sí i.

"Rọra," ó ní. "Àdúrà ni mò ń gbà."

Orí sìmẹ́ńtì ló kúnlẹ̀ sí, kò tẹ́ ẹní, kò tẹ́ aṣọ.

"Màámi, ẹ ṣáà mọ ohun tí dókítà sọ."

"Ọmọ mi ń fi ẹ̀jẹ̀ kúnlẹ̀ nítorí mi, kí èmi wá jókòó sórí tìmùtìmù? Mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀."

Láti ọjọ́ tó ti rí sùtánà mi ló ti ń ṣe é, tí mo bá ti lọ síbi iṣẹ́ tán. Ìgbà yẹn ni mo tó wo ẹ̀rọ náà dáadáa. Aṣọ ni wọ́n fi bò ó. Ó ti pẹ́ tí aṣọ yẹn ti wà níbẹ̀, mò ń kọjá lára rẹ̀ lójoojúmọ́, mi ò sì bèèrè ohun tó fà á tí ìyá mi kò ránṣọ mọ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ìyá alágbọn rí mi lókèèrè, ó ti ń fa pákó mi yọ.

"Ẹ máa to àgbọn yín lé e lórí," mo wí fún un.

"Ẹ ò yọ̀ mọ́ ni?"

"Mi ò yọ̀ mọ́, ìyá."

Mo kọjá lọ sókè, níbi tí iyanrìn ti gbẹ, tí omi kì í dé. Mo gbẹ́ ihò fún àbẹ́là kí afẹ́fẹ́ má baà pa á, kò sì kú. Mo kúnlẹ̀. Mi ò ní ọ̀rọ̀ gidi kan lẹ́nu, mo kàn ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí ìyá mi dìde lórí sìmẹ́ńtì yẹn, kó jẹ́ kó jókòó. Mo bẹ̀ ẹ́ títí oòrùn fi gun òkè, tí àbẹ́là fi jó tán. Mo sunkún. Nígbà tí mo dìde, mo gbọn iyanrìn kúrò lára mi. Iyanrìn gbígbẹ rọ̀ bí ìrọ̀rí, kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Nínú ọkọ̀ ni mo ti to gbogbo ọ̀rọ̀ tí màá sọ fún un, láti orí òyìnbó dé orí àbẹ́là. Ó jókòó sórí àga nítòsí ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà tí mo wọlé. Ó gba kẹ́ẹ̀gì, ó gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ìṣẹ́tí sùtánà mi sókè bó ṣe máa ń ṣe láti ìgbà tó ti rí ẹ̀jẹ̀, ó wo orúnkún mi. Egbò àtẹ̀yìnwá ti gbẹ, kò sí tuntun kankan. Aṣọ mi funfun báláú.

Ó wò ó pẹ́.

"Ó ti rẹ̀ ọ́," ó ní.

"Màámi, òní ni mo gbàdúrà jù lọ."

Ó rọra fọwọ́ gbá mi lẹ́sẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré tí mo bá purọ́ tí kò fẹ́ bá mi wí. "Kò burú. O ti gbìyànjú fún mi. Èmi á fi kún tèmi."

Ó na ọwọ́ sí mi. Mo rò pé ó fẹ́ dìde lásán ni, mo dì í mú lábẹ́ apá, mo gbé e dìde. Ó yí ojú sí ibi ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, ó fi gbogbo ara rẹ̀ tì mí. Tí mo bá fi í sílẹ̀, á ṣubú. Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́." Ó ní kí n rọra. Mo rọra. Èmi ni mo dì í mú títí orúnkún rẹ̀ fi kan sìmẹ́ńtì.