Ohun Tó Ń Dá Ẹ̀rọ Náà Dúró

Òórùn tòmátì tó ti jẹrà ní ọjà Mile 12 ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún wa ní ọ́fíìsì wa ní Kétu pé òjò ti pọ̀ jù. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, òórùn kíkan yẹn tó máa ń dúró sára aṣọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, òjò ti dá, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ṣì ṣú, gbogbo nǹkan kàn dákẹ́ ṣáá. Ara mi ò balẹ̀ rárá.

Iṣẹ́ wa ni láti máa ṣọ́ odò fáwọn ará Ajégúnlẹ̀, àdúgbò tó wà létí odò nítòsí wa. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára òpó irin létí odò tó ń wọn omi. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa tá a kì í pa, sáfà là ń pè é, ló ń gba ìwọ̀n náà, tí omi bá sì ga jù, á fi mẹ́sééjì sí fóònù gbogbo wọn pé kí wọ́n jáde. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ sì ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Ọ̀rẹ́ mi ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé kí wọ́n má dá àwọn aládùúgbò tó máa ń tètè sá lóhùn, kí wọ́n dúró de mẹ́sééjì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ṣàdédé ni ètò orí sáfà tó ń fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ dá dúró. Ọ̀rẹ́ mi tẹ àṣẹ kan sí i, ó dìde, gbogbo wa sì hó yèè bí ìgbà tí wọ́n bá mú iná dé. Ó tún dúró. A ní iná tó ń ṣe ségesège ni, ta ni ò mọ iná Kétu? Ni ọ̀rẹ́ mi bá kọ skírípítì kékeré kan, ìyẹn àṣẹ tí á máa jí i fúnra rẹ̀ nígbàkigbà tó bá ti ṣubú, ó wá fẹ̀yìn ti àga, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àníyàn mi ti pọ̀ jù. Ètò náà ń ṣubú, ó ń dìde, ó tún ń ṣubú.

Mo lọ ka ohun tó ń kọ sílẹ̀ kó tó dúró. Gbogbo ìgbà tó bá ti béèrè ìwọ̀n omi, òfo ló ń gbà, á sì kú lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn ni pé odò ti bo ẹ̀rọ tó wà lára òpó mọ́lẹ̀.

Mo ní, "Kì í ṣe iná o. Omi ló ń dá a dúró."

Ọ̀rẹ́ mi gbé fóònù, ó pe ìyá rẹ̀. Ohùn wọn tutù pẹ̀sẹ̀. Wọ́n ní àwọn wà lórí bẹ́ẹ̀dì, omi ti kún yàrá, àwọn aládùúgbò sì ti lọ.

"Mẹ́sééjì yín ni mò ń dúró dè," ni wọ́n wí.

Ọlọ́kọ̀ ojú omi kan ló gbé wọn gba ojú fèrèsé jáde kí ilẹ̀ tó ṣú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Láti ọjọ́ náà, bí nǹkan bá dáwọ́ iṣẹ́ dúró níwájú mi, mi kì í sáré gbé e dìde mọ́, mo máa ń kọ́kọ́ wádìí ohun tó rí tó fi dúró. Ní ti ọ̀rẹ́ mi, bí òjò bá ti ń ṣú, á kúrò nídìí kọ̀ǹpútà, á pe ìyá rẹ̀, á ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fojú ara wọn wo ìta.