Ọwọ́ Ọ̀tún Ọmọ Mi

Mummy, ìyá ọkọ mi, kò gba ọwọ́ òsì láàyè. Nínú fúláàtì wa ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, bí wọ́n bá na bísíkíìtì sí ọmọbìnrin mi, tí ìyẹn sì na òsì, wọ́n á fà á padà. "Ọ̀tún," ni wọ́n á wí. "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni." Ọmọ náà kò tíì pé ọdún kan. Ilé bàbá rẹ̀ tí wọ́n ń wí yìí, ilé káńsù tí ìjọba ìbílẹ̀ ń fi háyà ni, àjà kẹta, lífìtì rẹ̀ kì í sì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí èèyàn bá ru ẹrù. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀ wá pé ká júwe rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òsì ṣáá ni ọmọ náà ń nà. Mo rò pé ó fi orí kunkun jọ ìyá bàbá rẹ̀, mi ò sì sọ ọ́ síta. Lọ́jọ́ kan, Mummy di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú kí wọ́n fi bísíkíìtì sí i, ọmọ sì figbe ta. Wọ́n ká apá súwẹ́tà rẹ̀ sókè, wọ́n rọra fi àtàǹpàkò wá a kiri, wọ́n sì kan kókó líle kan lábẹ́ ìgúnpá. Wọ́n ní kí n lọ wọ bàtà mi.

Ní ọsibítù, àwọn dókítà fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú kókó náà. Jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n wọn ò tíì mọ irú èyí tó jẹ́. Irú jẹjẹrẹ tó ń mú ọmọdé nínú ẹran ara pọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló sì jọra lójú ẹ̀rọ, bí ẹ̀wà tí wọ́n ti bó, tí èèyàn ò mọ̀ bóyá olóyin ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n fẹ́ yẹ jíìnì inú kókó náà wò, ìyẹn àwọn ìlànà tíntìntín tó ń darí ara, bóyá méjì tí kò yẹ kó wà papọ̀ ti já, tí wọ́n sì ti lẹ̀ mọ́ra. Oògùn mímu kan wà tó ń bá irú àlẹ̀mọ́ kan jà. Bí kò bá sí àlẹ̀mọ́ yẹn, wọ́n á gbìyànjú oògùn mìíràn, ṣùgbọ́n kókó náà ti yí iṣan ká, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n gé apá náà.

Bí ọkọ mi ṣe gbọ́ jíìnì, ó nà ró lórí àga. "Doctor, a ti ṣe genotype kí wọ́n tó so yìgì wa. AA ni èmi, AA ni ìyàwó mi." Dókítà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní inú kókó yẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ wà, kò wá láti ìdílé ẹnikẹ́ni. Mo ní kó tún gbólóhùn yẹn sọ, mo sì gbà á sórí fóònù fún ẹbí méjèèjì.

A wá ń dúró de èsì. Gbogbo ẹni tó bá ní "á dáa" ló ń bí mi nínú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wà ní kíṣìnì, mo rí Mummy níwájú ọmọ. Wọ́n fi ṣíbí sí i lọ́wọ́ òsì. Ó jù ú sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú un, wọ́n tún fi í sí òsì. "Èyí náà dáa, ìyá mi," ni wọ́n ń wí jẹ́jẹ́. "Ọlọ́run náà ló dá a." Títí di àárọ̀ yẹn, mi ò gbà pé wọ́n lè gé apá ọmọ mi.

Èsì dé. Àlẹ̀mọ́ tí wọ́n ń wá wà níbẹ̀. À ń fi sírínjì rọ oògùn náà sí i lẹ́nu láàárọ̀ àti lálẹ́, ó sì ń tu ìdajì rẹ̀ sí mi láyà. Kókó náà ń rọ, ó ń fà sẹ́yìn. Àwọn dókítà ò ṣèlérí kankan, ẹ̀rù sì ń bà mí gidi ní gbogbo ọjọ́ àyẹ̀wò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a jókòó sórí koríko ní pápá ìṣeré Peckham Rye. Mummy na bísíkíìtì. Ọmọ na òsì, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Mummy wo apá ọ̀tún rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n fa bísíkíìtì padà.

"Ọ̀tún."

Ọmọ bú sẹ́kún. Èmi náà bú sẹ́kún. Mummy wò mí, wọ́n ní ṣé èmi náà fẹ́ jẹ bísíkíìtì ni, wọ́n sì na ọ̀kan sí mi. Mo fi ọ̀tún gbà á.