Ilẹ̀ Tí Mùínátù Da Kọnkéré Sí

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Alhaja Mùínátù fi ṣe ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lọ́nà Ìjagun, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìmọ́tótó ni tirẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá tò láàárọ̀, ìbọ̀sẹ̀ wọn ló máa ń kọ́kọ́ wò, àwọn òbí sì ń yìn ín fún un.

Mọ́rúfù, olùkọ́ kíláàsì kẹrin, ló gbé tirẹ̀ dé. Ọmọ àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni. Ilẹ̀ gbalasa kan wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ náà, igi àgbálùmọ̀ mẹ́ta dúró síbẹ̀. Ní gbogbo Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, Mọ́rúfù á kó àwọn ọmọ jáde lọ síbẹ̀. Wọ́n á fi okùn wọn ebè, wọ́n á ka ewé orí ẹ̀ka, wọ́n á dojú bolẹ̀ wo ọ̀nà tí èèrà ń gbà gbé oúnjẹ lọ. Kí sáà kan tó parí, àwọn tó máa ń sùn lórí tábìlì lọ́sàn-án ò sùn mọ́, ìjà sì dín kù láàárín wọn.

Hafeezah wà nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ni kò ti sọ̀rọ̀ ní kíláàsì mọ́. Àràárọ̀ ni inú ń run ún, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, kò rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan lábẹ́ igi, ó rí ìgbín lára ewé, ló bá ké: "Ẹ wá wò ó, orí ìwo ni ojú ẹ̀ wà!" Gbogbo kíláàsì sáré wá yí i ká. Kò pẹ́ tó fi di ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ kó dákẹ́. Inú rírun náà sì lọ.

Mùínátù rí i. Ohun tó ń dùn ún jù lónìí nìyẹn: ó rí i.

Àfi bí agbọ́n tó tẹ́ ìtẹ́ sórí ọ̀kan nínú àwọn igi náà ṣe ta ọmọ kan tí ojú rẹ̀ wú. Bàbá ọmọ náà fi ariwo wọlé: "Ṣé oko ni mo rán ọmọ mi wá ni?" Àwọn ìyá méjì míì ní ẹrẹ̀ ò jẹ́ kí aṣọ ọmọ àwọn mọ́. Ẹ̀rù ba Mùínátù pé wọ́n á kó ọmọ wọn lọ. Ó ní kí wọ́n gé igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n sì da kọnkéré sí gbogbo ilẹ̀ náà.

Mọ́rúfù wá bá a ní ọ́fíìsì. "Ẹ má bínú, mà. Ìtẹ́ agbọ́n yẹn, a lè tú u. Ẹ ṣáà fi ilẹ̀ yẹn sílẹ̀ fún wọn."

"Tíṣà Mọ́rúfù, ìwé ni wọ́n wá kà."

"Ìwé náà ni wọ́n ń kà níbẹ̀, mà."

Mùínátù nawọ́ sí ilẹ̀kùn.

Wọ́n gé àwọn igi náà, wọ́n sì da kọnkéré síbẹ̀. Nígbà tí sáà parí, Mọ́rúfù ríṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ibefun. Inú rírun Hafeezah padà dé, ọmọ náà sì tún panu mọ́. Nígbà tó yá, bàbá rẹ̀ mú un kúrò, wọ́n ní Èkó ni wọ́n kó lọ.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Lọ́dún tí Mùínátù fẹ̀yìn tì, ó wọkọ̀ lọ sí Ibefun. Abẹ́ igi máńgòrò ló ti bá Mọ́rúfù àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Mọ́rúfù dọ̀bálẹ̀ kí i.

"Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀," ni Mùínátù wí. "Mo mọ̀ pé ohun tí ò ń ṣe dáa. Ẹnu àwọn òbí ni mo bẹ̀rù."

"Ó ti tán nínú mi, mà. Ẹ jókòó."

"Hafeezah ńkọ́? Ṣé o gbúròó ẹ̀?"

Mọ́rúfù mi orí. "Mo pe bàbá ẹ̀ títí, mà. Nọ́ńbà yẹn ò lọ mọ́."

Mùínátù jókòó sórí gbòǹgbò igi, ó ń wo àwọn ọmọ olọ́mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín, títí agogo fi lù tí wọ́n sáré wọlé. Nínú ẹ̀bẹ̀ tó gbé wá, ìdajì péré ló rí ẹni gbà á. Ó kó ìyókù, ti Hafeezah, padà sí Ìjẹ̀bú-Òde.