Bákónì Tó Gbé Mi Mì

Kí ẹnikẹ́ni tó dá ọkọ mi lẹ́bi, èmi ni mo fẹ́ bákónì. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Àgùdà là ń gbé, náírà kò tíì pẹ́ tó gba ipò pọ́n-ùn, ooru yàrá wa sì tó se ẹyin jinná. Oyún àkọ́kọ́ wà nínú mi. Mo yọ ọkọ mi lẹ́nu títí ó fi lọ bẹ lánlọ́ọ̀dù, ìyẹn sì gbà.

Bíríkìlà gbé òpó méjì dúró láti ìsàlẹ̀, ó da kọnkéré lé wọn, ó wá bi wá bí ògiri iwájú ṣe máa ga tó. Mo ní kó mọ ọ́n dé ìbàdí. Ọkọ mi ní rárá, àyà mi ni kó dé, kí ọmọ òun má baà já bọ́. Ọmọ tí a kò tíì bí! Tirẹ̀ ni bíríkìlà gbà. Inú bí mi, inú mi sì tún dùn.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gba atẹ́gùn níbẹ̀, mo rí ìyá ọkọ mi tí wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀bù wọn bọ̀. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Kí ni ìyàwó tí wọ́n kọ́ nílé máa ṣe? Mo kúnlẹ̀: “Ẹ káàsán, mà!” Ẹ̀rọ tó ń lọ ata lódìkejì bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Kí n tó di ikùn mú dìde, wọ́n ti kọjá.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo tiẹ̀ ń yin ara mi.

Àfi bí ọkọ mi ṣe wọlé lọ́jọ́ kan, tójú rẹ̀ fà ro. Ìyá tó bí mi ti kú, ìyá ọkọ mi ló sì ti ṣèlérí pé àwọn á wá wẹ ọmọ fún mi. Ó ní wọ́n ti ní kí n wá ẹlòmíì o, torí àwọn kò lè máa wẹ ọmọ ẹni tó ń sá pamọ́ fáwọn. Mo sunkún dọ́ba. Ta ló fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ tuntun?

Lọ́jọ́ Sunday, ọkọ mi bẹ̀ wọ́n wá sílé. Wọn ò jókòó. Orí bákónì gan-an ni wọ́n ti dojú kọ mí. “Àbí mo máa ń gé èèyàn jẹ ni? Tó o bá ti rí mi báyìí, o ti wábi gbà!”

Kí n tó fèsì, ẹ̀gbọ́n ọkọ tiwọn yọ nísàlẹ̀, ìyá arúgbó kan láti Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, tí gbogbo ìyàwó ilé ń bẹ̀rù. Kíá, ìyá ọkọ mi ti kúnlẹ̀. Èmi náà kúnlẹ̀.

“Ìyàwó!” ìyá arúgbó náà pariwo látìsàlẹ̀. “Mo rí ẹ o! Kí lo ń sá pamọ́ fún?”

Ìyá ọkọ mi wo ògiri, wọ́n wò mí lórí ìkúnlẹ̀ mi.

“Ṣé bó o ṣe máa ń ṣe é nìyí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Ẹ̀rín pa wá.

“Wọ́n tún ń fi mí rẹ́rìn-ín!” ni ohùn ìsàlẹ̀ wí. A rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ bẹ̀bẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bíríkìlà gé ògiri dé ìbàdí, ó fi irin sókè rẹ̀ nítorí ọmọ. Ìyá ọkọ mi ló dúró tì í títí ó fi parí. Látìgbà náà, bí wọ́n bá ti ń bọ̀ lókèèrè ni wọ́n á ti máa ké sí mi: “Má kúnlẹ̀ o! Dúró síbẹ̀ kí n rójú ẹ!”

Àwọn náà ni wọ́n wẹ ọmọ.