Ọpẹ́ Tó Ṣáájú Rédíò Délé

Ìyá mi ti dúpẹ́ lórí rédíò náà kí n tó rí ẹni tó máa tún un ṣe. Bí ìjọ wa ṣe ń ṣe nìyẹn ní Ìjù-Odò: ohun tí a bá ti gbàdúrà lé lórí ti di ṣíṣe, ọpẹ́ rẹ̀ nìkan ló kù. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, wọ́n dìde nínú sùtánà funfun wọn, wọ́n ní kí ìjọ bá àwọn yọ̀, ọmọ àwọn ti tún rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì àwọn ṣe. Wọ́n ní kí àwọn akọrin wá gbọ́ orin inú kásẹ́ẹ̀tì àwọn nílé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Gbogbo ìjọ ké halelúyà. Èmi tí mo jókòó lẹ́yìn ń wo ilẹ̀, torí rédíò ọ̀hún wà lábẹ́ ibùsùn mi, kò sọ̀rọ̀, kò fọhùn.

Ìyá mi ló dá orin náà sílẹ̀ lédè Ìkálẹ̀ nígbà tí ohùn wọn ṣì já gaara, ẹnì kan sì gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì. Àwọn akọrin òde òní ń sáré kọ ọ́, wọ́n sì ti fo ibi tó dùn jù. Ó ń dun ìyá mi wọra. Ohùn wọn ti há báyìí, ojú wọn ò sì ríran dáadáa mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ló lè jẹ́rìí wọn, kò sì sẹ́ni tó ní ẹ̀rọ tó lè lò ó mọ́ ládùúgbò wa.

Ọ̀rọ̀ wá di ikú yá j'ẹ̀sín. Mo gbé rédíò lọ sí Òkìtìpupa. Ṣọ́ọ̀bù tí mo mọ̀ ti di ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Ẹni tó wà níbẹ̀ yí kásẹ́ẹ̀tì náà síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n kó orin sí mẹ́mọ́rì fún yín." Mo ní orin tí mo ń wá kò sí níbòmíràn. Ó ní kí n kúkú ra èyí tó ń lo búlútùùtù. Mo ṣépè fún un nínú mi. Ẹlòmíràn tú rédíò náà palẹ̀, ó ní bẹ́líìtì tó ń yí kásẹ́ẹ̀tì ló já, irú rẹ̀ ò sì sí lọ́jà mọ́. Ó dì í padà, ó sì kó àwọn nọ́ọ̀tì tó ṣẹ́ kù sínú ọ̀rá fún mi.

Ní Ìlútítun ni mo ti rí bàbá kan tó gbà láti tún un ṣe. Rọ́bà tí wọ́n fi ń di ẹnu ọ̀rá ló ká síbi tí bẹ́líìtì wà, ó sì fi kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ dán an wò, kó má baà jẹ ti ìyá mi. Orin jáde! Ó ní títí ayé ni. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin lórí ọ̀kadà bọ̀ wálé.

Nígbà tí àwọn akọrin dé, oòrùn ń ta gan-an. Wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jókòó. Mo fi kásẹ́ẹ̀tì sí i, mo tẹ̀ ẹ́. Rọ́bà náà ti rọ̀. Ohùn tó jáde nípọn, ó ń falẹ̀, ó ń wọ́ ọ̀rọ̀ nílẹ̀. Àwọn akọrin fọwọ́ bo ẹnu, èjìká wọn ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Ojú tì mí, ó bá mi dé eegun.

Ìyá mi tẹ́tí sílẹ̀. Wọ́n ní, "Éè ṣe èmi. Ta ni ọkùnrin tó mu ògógóró yó yìí? Ọma mi, yọ tirẹ̀ kúrò, fi tèmi sí i."

Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà nínú ilé.

Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin ni. Rédíò ni kò tíì dáa."

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Ìyá mi na ọwọ́, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n ti ń pa rédíò, mo sì bá wọn pa á. Wọ́n wá kọjú síbi tí wọ́n rò pé àwọn akọrin wà, wọ́n ní, "Ẹ máa kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń kọ ọ́."

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn akọrin kọ ọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Wọ́n fo ibi tó dùn jù. Mi ò lè gbójú sókè, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìyá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ bá wọn.