Amọ̀ Selwyn ní Pápá Waitoru

Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé nílùú etíkun yìí ní Niu Silandi, mi ò sì tíì rí ẹni tí òwe yẹn bá mu tó Selwyn Pōhatu.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Selwyn fi tọ́jú ibi tí wọ́n ti ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì ní Pápá Waitoru. Ẹni tí kò mọ eré náà á ní koríko lásán ni. Irọ́ ni o. Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín pápá, ìṣísẹ̀ méjìlélógún péré, ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ti ń ta. Amọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, amọ̀ dúdú tí wọ́n ń fi omi rin, tí wọ́n ń fi rólà tẹ̀, títí á fi le koko. Láàárọ̀, Selwyn á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, á sọ fún ọ bóyá bọ́ọ̀lù á fò lónìí tàbí kò ní fò. Rona, ìyàwó rẹ̀, a máa ní bó bá jẹ́ òun ló ń fọwọ́ tọ́jú bẹ́ẹ̀, òun ì bá ti padà di omidan.

Omi ìdọ̀tí ló dá wàhálà sílẹ̀. Bí òjò bá ti pọ̀, páìpù tó ń kó ìgbẹ́ ìlú á kún, á tú sínú òkun, síbi tí àwọn ẹ̀gbọ́n Selwyn ti ń wa pípì, ẹran inú karawun tí wọ́n ń jẹ látayébáyé. Àwọn ará ọ́fíìsì omi wá ní àwọn á ri àgbá kọnkéré ńlá mọ́ abẹ́ pápá, kí ìdọ̀tí máa dúró síbẹ̀ títí òjò á fi dá. Wọ́n ní àwọn á tún pápá ṣe lókè rẹ̀: iná, yàrá ìmúra, ibi ìgbọ́kọ̀sí. Selwyn fara mọ́ ọn. Ó kàn kọ̀wé pé kí wọ́n kó amọ̀ òun pamọ́, kí wọ́n sì dá a padà sáyè rẹ̀, ó ní òun fẹ́ wá fẹnu ara òun sọ ọ́. Nílùú yìí, bí ẹnì kan ṣoṣo bá kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, dandan ni kí ìgbìmọ̀ ìlú jókòó gbọ́ ọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Graeme Loftus ni alága ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì. Òun àti Selwyn ti ń ṣọ̀rẹ́ láti kékeré, òun ló dúró tì í lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Lọ́jọ́ Àìkú kan nínú oṣù kárùn-ún, ó gbé kéèkì wá, ó jókòó ti tábìlì ní ilé ìdáná wọn.

"Ọ̀rẹ́, yọ ìwé yẹn kúrò," ló wí. "Bí ìgbìmọ̀ bá fi lè jókòó, ọdún kan ti lọ nìyẹn. Ìgbẹ́ làwọn ẹ̀gbọ́n rẹ á tún máa wa lẹ́ẹ̀mí-ìn."

"Amọ̀ mi ńkọ́?"

"Wọ́n á fi tapólì bò ó, wọ́n á dá a padà. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Àbí o ò gbà mí gbọ́ mọ́?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Gbé ìwé wá."

Graeme fa ìwé tó ti kọ sílẹ̀ yọ lápò, pé Selwyn ti yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò. Selwyn buwọ́ lù ú. Rona tún gé kéèkì fún Graeme.

Ọdún méjì ni wọ́n fi ṣọgbà yí pápá ká. Nígbàkígbà tí Selwyn bá bèèrè, Graeme á nawọ́ sí òkìtì kan tó wà lábẹ́ tapólì, á ní, "Amọ̀ rẹ rèé, ó ń sùn."

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa ṣí pápá, Selwyn ti débẹ̀ kí èèyàn tó dé. Àárín pápá ló gbà lọ tààrà. Kápẹ́ẹ̀tì oníke ló bá níbẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀. Pátákó tuntun kan wà lẹ́nu ọ̀nà, orúkọ tirẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ sí i: Pápá Selwyn Pōhatu.

Shalini, ẹnjiníà ọ́fíìsì omi, rí i, ó sáré wá kí i. "Ẹ kú oríire, Matua." Bẹ́ẹ̀ làwọn ọmọdé ń pe àgbà níbí.

"Ọmọ mi, ta ló ní kí wọ́n tẹ́ ike?"

"Ẹgbẹ́ yín ni. Àwa ti gbà láti dá amọ̀ yín padà, èmi ni mo kọ ìwé yẹn sí ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ ló fèsì lóṣù kẹta ọdún méjì sẹ́yìn, kẹ́ ẹ tó yọ ìwé yín kúrò, pé ike làwọn fẹ́, káwọn lè máa fi pápá háyà tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Mo rò pé ẹ mọ̀."

"Amọ̀ náà dà?"

Ó wolẹ̀. "Ó wà lábẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí, Matua. A fi dí kòtò etí àgbá."

Inú Selwyn bàjẹ́ gan-an. Ká ní ọ́fíìsì ló rẹ́ ẹ jẹ, ì bá bínú, kó sì fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ọ́fíìsì ti gbà fún un. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kọ̀, tó tún wá jókòó ti tábìlì rẹ̀, tó fi ìgbẹ́ tó wà nínú oúnjẹ ẹbí rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, kó má bàa dé iwájú ìgbìmọ̀. Irú èèyàn wo nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́?

Àsìkò náà ni Graeme dé, bọ́ọ̀lù tuntun lọ́wọ́, ó fi lé e lọ́wọ́. "Ìwọ lo máa ju àkọ́kọ́."

"Graeme, lọ́jọ́ tí o gbé kéèkì wá sílé mi, ṣé o ti kọ̀wé sí wọn?"

Graeme ń wo àwọn èèyàn tó ń wọlé. "Orókún rẹ ti ń dùn ọ́. Ta ni ì bá máa ti rólà lẹ́yìn rẹ? Èmi ni mo ní kí wọ́n fi orúkọ rẹ sọ pápá."

"Ìbéèrè ni mo bi ọ́."

"Mo ti kọ ọ́."

Selwyn dá bọ́ọ̀lù padà fún un, ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Graeme di apá ẹ̀wù rẹ̀ mú. "Má ṣe báyìí lójú gbogbo ayé. Ó ti tó àádọ́ta ọdún tá a ti ń ṣọ̀rẹ́."

"Mo mọ̀," ni Selwyn wí. "Ohun tó jẹ́ kí n buwọ́ lùwé láìkà á nìyẹn."