Ọwọ̀ Tí Mo Ní Kí Fọlákẹ́ Mú Wá

Ẹnu ni mo gbójú lé nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọ adití ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Wọ́n ti kọ́ wa pé kí adití máa wo ètè wa, kó sì máa gbìyànjú láti sọ̀rọ̀. Bí a bá gbà á láyè láti fọwọ́ júwe nǹkan, ẹnu rẹ̀ yóò ya ọ̀lẹ. Mo gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ju àwọn tó kọ́ mi lọ.

Ọmọ ọdún méje ni Fọlákẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi. Bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá akọrin ìjọ kan ní Odogbolu. Ìyá rẹ̀ ti máa ń fọwọ́ bá a sọ̀rọ̀. Mo ní kó jáwọ́. Nígbà tí táàmù kan parí, bàbá ní òun kò rí ìyàtọ̀ kankan, òun yóò yọ ọmọ òun kúrò nílé ìwé. Ni mo bá gbéra lọ sílé wọn, mo ní kí gbogbo wọn jókòó, kí wọ́n wá wo iṣẹ́.

Mo kọjú sí ọmọ náà, mo lanu bí ẹni tí dókítà fẹ́ wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀.

"Fọlákẹ́, mú ọwọ̀ wá."

Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí mi.

Mo tún un sọ. Ó na èkejì. Nígbà tí mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó yí ọwọ́ méjèèjì padà kí n lè wo èékánná rẹ̀.

Ibẹ̀ ló ti yé mi pé ètè kò mọ ohùn. Ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀ àti ọwọ́ tí a fi ń jẹun, bákan náà ni wọ́n rí lẹ́nu. N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ lásán gbálẹ̀ kiri pálọ̀ onílé. Fọlákẹ́ sáré gbé ọwọ̀ dé, ó sì ń wo ilẹ̀ bóyá ó dọ̀tí.

"Tíṣà," bàbá rẹ̀ ní, "ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ní ká má fọwọ́ júwe?"

"Èmi ni, sà."

"Kí la wá fẹ́ ṣe báyìí?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo la gbogbo ọ̀nà tó wà sílẹ̀ fún wọn: ká kọ́ ọmọ láti máa fẹnu sọ̀rọ̀, ká kọ́ ọ ní èdè ọwọ́, tàbí ká pa méjèèjì pọ̀. Bàbá wo ìyàwó rẹ̀.

Ìyàwó ní, "Èyí tí èmi àti ọmọ mi á fi lè jọ máa sọ̀rọ̀ ni mo fẹ́."

Wọ́n ní ká pa méjèèjì pọ̀. Bàbá ń wá kọ́ èdè ọwọ́ lọ́dọ̀ mi ní Sátidé, èmi náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ nínú ìwé ni. Ojú ewé kan péré ni mo fi ṣáájú rẹ̀. Bó bá fọwọ́ sọ pé "jókòó," ẹ ó rò pé ó fẹ́ kí àwọn akọrin gbé ohùn sókè ni.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo bá bàbá àti Fọlákẹ́ lẹ́nu géètì ilé ìwé. Ó ń fọwọ́ bá a wí nítorí bàtà tó sọ nù. Ọ̀rọ̀ kò tíì parí tí Fọlákẹ́ fi dijú pinpin.

Bàbá yíjú sí mi. "Tíṣà, ẹ wò ó, kò fẹ́ gbọ́ tèmi."

Mo ní, "Ẹ kú oríire, sà. Ọ̀rọ̀ yín ti ń yé e nìyẹn."